Ọwọ́ Tó Yí Jíà Dé Méjìlá

Méjìlá. Nọ́ńbà tí wọ́n yí jíà tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ náà sí nìyẹn. Bí mo ṣe ń wò ó ni inú ń bí mi, torí mo mọ̀ pé ó ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mi ò gbọ́ ohun tó ń wí.

"Ta ló yí i síbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ló béèrè, kì í ṣe èmi. A wà nínú yàrá ẹ̀yìn tésàn ọlọ́pàá wa, níbi tí a máa ń kó ẹrù olè sí. Kẹ̀kẹ́ náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì gígùn kan, wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tó bá ọkọ jà. Ẹ̀gbọ́n ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ ọ̀hún. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé irin ni, apá rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n torí pé bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣe ń pè é nìyẹn. Àbúrò náà, Àbúrò ni wọ́n ń pe òun náà. Àná ni wọ́n tì í mọ́lé níbí, wọ́n ní òun ló jí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé.

"Ibo ló yẹ kó wà?" mo bi í.

"Oókan, mà. Gígun òkè ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ìdíje kẹ̀kẹ́ ọ̀la, oókan sì ni jíà tó fúyẹ́ jù. Mo fi í síbẹ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù."

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ara mi kéré, ẹnu mi mú, ẹni tó bá sì rò pé òun lè gbé mi mì, kó lọ béèrè lọ́wọ́ adìẹ. Ọ̀gá Kíákíá, olórí tésàn wa, kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì jù mí lọ nípò. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn ò já àgádágodo ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ní: ọ̀kan lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lọ́wọ́ Àbúrò. Àwọn méjèèjì jà lójú títì, aládùúgbò gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kẹ̀kẹ́ ti di àwátì, ẹ̀yìn yàrá Àbúrò sì ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, nínú ahéré kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Ọ̀gá ní lọ́la òun máa gbé Àbúrò lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀la yẹn náà ni ìdíje.

"Ṣàlàyé kẹ̀kẹ́ yìí fún mi," mo wí fún Ẹ̀gbọ́n, "kó o sì rò pé ọmọdé ni mí."

Ó fọwọ́ lé àpótí irin tó wà láàárín pẹ́dà méjèèjì. "Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn lórí òkè, mà. Eyín pọ̀ lára wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀, ṣéènì á máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn. Apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń tì í káàkiri. Bí òkúta bá gbá apá yẹn, ó parí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ó parí. Tèmi ò ní apá. Gbogbo eyín rẹ̀ wà nínú àpótí yìí, wọ́n ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì, mo sì dé e pa. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ti inú rẹ̀ lọ sẹ́yìn, kì í kúrò lójú kan. Ẹ kàn yí ọwọ́ yìí, jíà á yí padà nínú lọ́hùn-ún. Kẹ̀kẹ́ ì báà dúró sójú kan."

"Kẹ̀kẹ́ yòókù ńkọ́, tó bá dúró?"

"Ẹ ò lè yí i, àfi tẹ́ ẹ bá ń yí pẹ́dà pọ̀ mọ́ ọn. Ṣéènì gbọ́dọ̀ máa lọ kó tó lè fò."

"Tìrẹ ò wá ní àléébù kankan?"

"Ó wúwo díẹ̀. Tí ẹsẹ̀ yín bá sì ń tẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ ní láti dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i. Àbúrò mi mọ ìyẹn. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n gùn." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ojú rẹ̀ korò. Kọ́kọ́rọ́ Àbúrò wà lórí tábìlì níwájú wa, okùn ṣì wà lára rẹ̀, torí pé ọrùn ló máa ń fi kọ́. Ẹ̀gbọ́n fi ìka tì í sọ́dọ̀ mi. "Tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ pàápàá, ẹ má dá èyí padà fún un. Ẹni tó lè ṣe mí báyìí ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

 Ìbínú ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, kò sí ohun tí ọlọ́pàá lè fi ṣe. Táyà ni mo ń wò. Tuntun ni méjèèjì, irun rọ́bà wẹ́wẹ́ ṣì wà lára wọn bí irùngbọ̀n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Tí èèyàn bá ti gùn ún dé ìkangun títì, gbogbo irun yẹn á ti jẹ. Ẹni tó gbé e ò gùn ún. Mọ́tò kékeré ló fi gbé e, ìdí tó fi yọ wíìlì ẹ̀yìn nìyẹn, kó lè wọ bùùtù.

Mo mú sípánà, mo ní kí n tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n ti dè padà sára wíìlì ẹ̀yìn wò. Mo yí i, kò lọ. Mo yí i títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi.

"Òdì ni, mà," Ẹ̀gbọ́n wí. "Apá ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú. Èmi ni mo gé e bẹ́ẹ̀, kí jìgìjìgì òkè má baà tú u. Èmi àti àbúrò mi nìkan la mọ̀." Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló wá ha á báyìí?"

Lóòótọ́, ìlà tuntun wà lára nọ́ọ̀tì náà, níbi tí sípánà ti yọ̀ lọ́wọ́ ẹni kan. Ẹni náà kọ́kọ́ yí i sósì bí gbogbo ayé ṣe ń yí i, kó tó wá rí i pé ọ̀tún ni.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹni tó mọ̀ pé òdì ni, ṣé á ha á?"

 Ó ṣáà ń fi àtàǹpàkò ra ìlà náà bíi pé á pa rẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gá Kíákíá. Ó gbọ́ mi dé ìparí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ha á ni, màámi, kẹ́ ẹ lè rò pé kì í ṣe òun."

"Ọ̀gá, ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ló wá gbé ẹrù olè sẹ́yìn yàrá ara rẹ̀?"

"Ọ̀daràn kì í ní làákàyè tó pé."

Mo wò ó. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà gbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kó sì ya òmùgọ̀ nílé. "Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́," mo wí.

"Ìrọ̀lẹ́ nìkan o, màámi."

*

Àbúrò jókòó sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn méjèèjì ká mọ́ra. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Mà, ṣé Ẹ̀gbọ́n ti jẹun?"

"Fi oúnjẹ sílẹ̀. Kí lẹ jà sí?"

"Mo ní kí n gùn ún lọ sórí òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gbọ́n ní rárá, táyà tuntun ni. Mo bá bínú, mo ní kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn tó máa gùn ún."

"O sọ ọ́ tọkàntọkàn?"

"Mà, ta ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?" Omi lé sí i lójú. "Tí kẹ̀kẹ́ yẹn ò bá gun òkè lọ́la, gbogbo ẹni tó ń fi Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín á ní àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé oorun nítorí àpótí yẹn."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Méjì péré ni. Ẹ̀bùn ni àgádágodo yẹn. Ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́ ni ọ̀gá mi fún mi, wọ́n ní kí n fi bẹ̀rẹ̀ ayé mi."

"Ọ̀gá wo?"

"Bàbá Ṣéènì, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìsàlẹ̀ òkè." Ojú rẹ̀ túká díẹ̀. "Wọ́n wá wò mí láàárọ̀ yìí, wọ́n gbé búrẹ́dì wá fún mi. Wọ́n ní tí mo bá jáde, ààyè mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn."

Mo ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ láàárín irin àtìmọ́lé yẹn. Èyí ò dún bí irọ́. Ṣùgbọ́n etí mi nìkan kò tó gbé lọ síwájú adájọ́.

*

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn tí mo fi lọ bá Alákóótù nílé ìtura tó wọ̀ sí. Aṣojú iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń ta ṣéènì àti apá kẹ̀kẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ sọnù, ó ti wá bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó jẹ́ kí òun gbé àpótí náà lọ han àwọn ọ̀gá òun. Ẹ̀gbọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó jáde, ó ní, "Ẹ máa kábàámọ̀ ẹ̀."

"Bí oníṣòwò ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, mà," ó wí. Kóòtù rẹ̀ funfun débi pé mi ò fẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ẹ ṣí bùùtù mọ́tò yín fún mi."

Ó ṣí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ wo inú rẹ̀. Gírísì dúdú wà lára kápẹ́ẹ̀tì bùùtù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta síbẹ̀ ni. Mo ní ọwọ́ ti tẹ ẹ́. Ló bá fa páálí kan jáde: apá kẹ̀kẹ́ tuntun kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ń dán fún gírísì.

"Àpẹẹrẹ tí mo ń fi han oníbàárà ni," ó wí. "Páálí náà ló jò."

"Ẹ mọ̀ ọ́n tò?"

"Èmi kẹ̀? Títà ni mò ń tà á."

Mo padà sínú mọ́tò mi, mo bu ẹnu àtẹ́ lu ara mi. Gírísì. Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n ò ní ṣéènì, kò ní apá, bẹ́líìtì gbígbẹ ló fi ń rìn. Kò sí gírísì kankan tó lè ti ara rẹ̀ ta sí bùùtù ẹnikẹ́ni. Mo ti ń wá èéfín níbi tí wọn ò dáná sí.

*

Mo wá ní kí n lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣéènì, ó kéré tán á lè sọ fún mi irú èèyàn tí Àbúrò jẹ́.

Ṣéènì ló rọ̀ sílẹ̀ láti òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, apá kẹ̀kẹ́ tó ti ṣẹ́ sì kún dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́nu ọ̀nà. Ọdọọdún, bí ìdíje òkè bá ti parí, ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tí òkúta bá ti ṣẹ́ apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń wọ́ ọ lọ. Mọ́tò bàbá náà wà níwájú, kékeré báyìí, ó ti gbó.

"Ìyá ọlọ́pàá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ má jẹ́ kí gírísì ta sí yín láṣọ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Àpótí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí, ṣé ẹ ti rí i?"

"Òkèèrè ni mo ti rí i. Mi ò fọwọ́ kàn án rí, kò sì wù mí. Kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ò lè rí ìfun rẹ̀, kẹ̀kẹ́ wo nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn. "Àbúrò ńkọ́? Ṣé ó lè jalè?"

"Ọmọ dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e gbóná. Àárín àwọn méjèèjì ò lè gún mọ́ báyìí, mo sì ti sọ fún un pé kó padà wálé."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ó fa kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó yí jíà títí dé òpin. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń yí pẹ́dà. Ṣéènì ń ta tatata, ó bọ́ sórí eyín tó kéré jù. Ìgbà yẹn ló tó mú sípánà, wíìlì ẹ̀yìn sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá, bí èèyàn kì í ṣe í wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń bọ́ bàtà.

Ojú mi là wàrà. Mo kí bàbá náà pé ó dàbọ̀. Bí mo ṣe dé ìkòríta ni mo pe Ẹ̀gbọ́n.

"Kí ni wọ́n ń yí jíà fún kí wọ́n tó yọ wíìlì ẹ̀yìn?"

"Kí ṣéènì lè bọ́ sórí eyín tó kéré jù, mà. Tí kò bá sí níbẹ̀, wíìlì ò ní jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni nìyẹn."

"Jíà wo nìyẹn?"

"Èyí tó ga jù. Lára tèmi, á jẹ́... méjìlá."

"Lára tìrẹ, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí. Eyín kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn. Oókan ni o, méjìlá ni o, bákan náà ni wíìlì ń jáde."

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣéènì ni àbúrò rẹ náà ti kọ́ṣẹ́. Ṣé òun kì í yí i?"

"Ó máa ń yí i tẹ́lẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi jáwọ́. Mo máa ń bi í pé ṣé wíìlì ní láti gbàṣẹ ni. Ó ti pẹ́ tó ti jáwọ́, mà." Mo gbọ́ bó ṣe ń fa imú. "Mo ní kẹ́ ẹ má dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Mo sọ ọ́ lójú yín."

"Wàá sunkún tó bá yá. Ní báyìí, gbé sípánà rẹ, kó o wá bá mi ní tésàn."

*

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń yí jíà bẹ́ẹ̀, èmi sì ní láti mú ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n to kẹ̀kẹ́ náà padà, ó yí i sí oókan, a gbé e dúró nínú àgbàlá tésàn. Mo ránṣẹ́ pe Alákóótù àti Bàbá Ṣéènì, mo ní ká mú Àbúrò jáde. Mo ní a fẹ́ kó kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹjọ́, mọ́tò wa kéré, a sì nílò ẹni tó máa bá wa yọ wíìlì ẹ̀yìn. Gbogbo wọn dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń pè wọ́n. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

"Màámi," Ọ̀gá Kíákíá sọ sí mi létí, "ṣé a ti di ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni?"

"Ẹ ṣáà máa wo ọwọ́ wọn."

Alákóótù ló kọ́kọ́ wọlé. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà ká, ó tẹ táyà iwájú wò bí ẹni tó fẹ́ ra ọsàn. Ó ní, "Ṣé ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ ni?" Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó máa lọ, Ọlọ́run ló yọ ọ́, kóòtù rẹ̀ ṣì funfun.

Àbúrò tẹ̀ lé e. Kò wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú sípánà, ó yí i sọ́tùn-ún, wíìlì jáde. Jíà ṣì wà ní oókan. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Àbúrò ò lè gbójú sókè wò ó, òun náà ò lè wo Àbúrò.

"Ó mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá," Ọ̀gá wí.

"Ó ṣeé ṣe. Ó kù ẹnì kan."

Ẹ̀gbọ́n dá wíìlì padà, Bàbá Ṣéènì sì wọlé.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa yọ wíìlì yìí. Ó ti sú wa."

"Mi ò mọ nǹkan yìí o. Mo ti sọ fún yín."

"Ẹ gbìyànjú. Ta ló kù tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ó sún mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè, ó yí jíà títí dé òpin. Ọwọ́ òsì yí pẹ́dà. Kò sí tatata kankan, torí kò sí ṣéènì níbẹ̀, bàbá náà ò tiẹ̀ fura. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú sípánà, ó yí i sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, láìronú, láìdúró. Wíìlì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọ̀gá Kíákíá rìn lọ síbi ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Méjìlá."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," mo wí. "Ẹ jókòó. Ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yìí rí?"

"Láyé."

"Ọ̀gá mi, ẹ bá mi tú nọ́ọ̀tì iwájú, kẹ́ ẹ wá tú ti ẹ̀yìn lẹ́yìn ìyẹn."

Ọ̀gá yí ti iwájú sósì, ó tú. Ẹ̀gbọ́n dá wíìlì ẹ̀yìn padà, Ọ̀gá sì fi gbogbo agbára yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sósì. Sípánà yọ̀, ó ha nọ́ọ̀tì, ó tún ha ìka Ọ̀gá. Ìlà tuntun náà sùn ti èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ìbejì.

"Bàbá, nọ́ọ̀tì yìí, òdì ni. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ti ń yí nọ́ọ̀tì sósì kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì. Ta ló sọ fún yín pé ọ̀tún ni?"

"Mo... mo ṣèèṣì ni."

"Ẹ ò ṣèèṣì. Ẹ ti kọ́kọ́ yí i sósì lọ́jọ́ tí ẹ jí i, sípánà yọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sì rántí. Ọwọ́ yín kan ṣe ohun tí kò wúlò fún kẹ̀kẹ́ yìí, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ọwọ́ kejì ṣe ohun tí kò yẹ kó mọ̀. Ẹni tó jí i ló ṣe méjèèjì, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ṣe méjèèjì lónìí." Mo jókòó tì í. "Àgádágodo tẹ́ ẹ fún ọmọ yìí, kọ́kọ́rọ́ mélòó ló bá a wá látọjà?"

 Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé orí àga. Mo gbé ti Àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Eyín sí eyín ni wọ́n bára mu.

"Mi ò ba nǹkan kan jẹ́ nínú rẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kí ìdíje kọjá láìsí i. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á lé e, ọmọ náà á sì padà wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó wá ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé apá kẹ̀kẹ́ ò ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀."

Àbúrò wò ó. "Ọ̀gá mi, ẹ gbé búrẹ́dì wá fún mi nínú sẹ́ẹ̀lì."

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ṣéènì fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n àánú ò ní kí n má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ọ̀gá Kíákíá fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ìta fún Àbúrò. Ó ní òun ti fura sí bàbá náà tipẹ́. Mo jẹ́ kó máa wí.

*

Òjò rọ̀ mọ́jú, òkè di ẹrẹ̀ pọ́tọ́pọ́tọ́. Mo gbé agbòjò dúró ní kọ́nà kan tó ga bí àkàbà, Ẹ̀gbọ́n wà lápá ọ̀tún mi, Ọ̀gá wà lápá òsì, ó fi báńdéèjì di ìka. Alákóótù náà wà níbẹ̀, ó wọ bàtà òjò lábẹ́ kóòtù funfun.

Àwọn tó kọ́kọ́ yọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn. Ọ̀kan gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, apá rẹ̀ ti ṣẹ́, ṣéènì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Òmíràn ń fi igi họ ẹrẹ̀ kúrò láàárín eyín. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjì yọ pọ̀: ẹni tó gba ipò kìíní lọ́dún tó kọjá, àti Àbúrò. Wọ́n dé kọ́nà, ilẹ̀ yọ̀, àwọn méjèèjì sì ṣubú gbì.

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú, egungun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Inú jíà tó wúwo ni ẹnì kejì wà nígbà tó ṣubú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti dúró. Ó ń tẹ pẹ́dà, kò lọ, ó sì ní láti lọ kó tó lè yí jíà. Ó tún ṣubú. Àbúrò dúró gbagidi sójú kan nínú ẹrẹ̀. Ó na ọwọ́, ó yí jíà padà, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn. Mo rí nọ́ńbà náà láti ibi tí mo wà.

"Oókan," Ẹ̀gbọ́n wí.

Àbúrò tẹ pẹ́dà, kẹ̀kẹ́ sì gun kọ́nà náà lọ bí ewúrẹ́. Ibi tí inú mi dùn dé, mo ju agbòjò nù. Ọ̀gá Kíákíá ń fò sókè bí ọmọ iléèwé, báńdéèjì rẹ̀ sì já. Nígbà tá a sáré gba ẹ̀yìn òkè dé òpin ìdíje, Àbúrò ti wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó látòkè délẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó tíì dé. Alákóótù sún mọ́ Ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín tó fẹ̀.

"Màdáámù, àwọn ọ̀gá mi á fẹ́ kí á sọ̀rọ̀."

"Lọ́la," Ẹ̀gbọ́n wí, kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Lónìí, mo fẹ́ bá àbúrò mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn, ó tóbi, ó ń dán. Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú rẹ̀, obìnrin tó ń gé irin bí ẹni ń gé ọṣẹ. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa okùn kan jáde. Okùn tí a gbà lọ́rùn Àbúrò ní tésàn ni, àárọ̀ yìí ló wá gbà á lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ti yí padà, ti àgádágodo tuntun ni.

"Mo ti pààrọ̀ àgádágodo," ó wí. "Àbúrò mi, dákun, má bínú sí mi." Ó sì fi í kọ́ ọ lọ́rùn.

Àwọn ayàwòrán ń pariwo pé kí Àbúrò gbé àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sókè kí wọ́n lè yà á. Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ wá inú okùn méjèèjì, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè.